Ẹ Bi Àǹtí Ìwé: Ṣé Kọ́míìkì Náà Ìwé Ni?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tí mo ti ní kí ẹ kọ ìbéèrè yín nípa ìwé àwọn ọ̀dọ́langba ránṣẹ́ ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, láti Ifẹ̀ níbí, láti Ilésà, láti Mọdákẹ́kẹ́, àní ẹnì kan kọ ọ́ láti Òṣú. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́fà ni mo mú. Àwọn kan máa gùn, àwọn kan ò ní gùn, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ká mi lára sí ni.

Àǹtí Ìwé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 13, JSS 2 ló wà, kì í ka nǹkan kan àfi kọ́míìkì orí fóònù. Tí mo bá gbé ìwé gidi fún un, á ní orí ń fọ́ òun. Bàbá ẹ̀ ti ní ká gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé ká gbà á? Ṣé wíwo àwòrán yẹn náà ni wọ́n ń pè ní ìwé kíkà? — Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Mọdákẹ́kẹ́

Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba fóònù yẹn. Nígbà témi náà wà ní JSS 2, tíṣà kan ká kọ́míìkì mọ́ mi lọ́wọ́ lábẹ́ dẹ́sìkì, ó fà á ya níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní ìwé ọ̀lẹ ni. Ìwé ọ̀hún kì í tiẹ̀ í ṣe tèmi, ṣe ni mo yá a. Mo ṣì ń gbọ́ bí bébà yẹn ṣe ń ya títí dòní. Mo wá owó san fún ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn kọjá lọ, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ó tó ọdún méjì tí mi ò fọwọ́ kan ìwé kankan àyàfi èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, torí mo ti gbà lọ́kàn mi pé ohun tó bá ti dùn, kò lè jẹ́ ìwé. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín.

Ìwé kíkà ni o. Ẹ wò ó báyìí: wọ́n ya ọkùnrin kan tó gbé àdá sókè nínú àpótí kìíní. Nínú àpótí kejì, ẹyẹ ló ń fò kúrò lórí igi, kò séèyàn kankan níbẹ̀. Ta ló wá sọ fún ọmọ yín pé àdá yẹn ti balẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Òun fúnra ẹ̀ ló fi ọpọlọ dí àlàfo tó wà láàárín àpótí méjèèjì, bó sì ṣe ń ṣe é nìyẹn látojú ìwé dójú ìwé, á ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wọn, á tún wo ojú wọn bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ àbí irọ́. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìrànù.

Kì í tiẹ̀ ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ẹ bi àwọn màmá àgbà àdúgbò yín nípa Atọ́ka. Ìwé ìròyìn Yorùbá ni, ó gbayì gan-an láwọn ọdún 1970, eré àwọn onítíátà ni wọ́n máa ń fi kámẹ́rà yà lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú nǹkan róbótó lẹ́bàá ẹnu òṣèré, tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, bí ẹni ń wo sinimá ni. Ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Ilésà sọ fún mi pé tí ẹyọ kan bá wọ ilé àwọn, ó máa yí gbogbo yàrá po kó tó padà sọ́wọ́ ẹni tó fowó rà á. Nígbà táwọn òyìnbó wá ń sọ̀rọ̀ nípa graphic novel, ìyẹn ìtàn gígùn tí wọ́n fi àwòrán sọ, mo ní ẹ̀yin nìyí, àwọn ìyá wa ti kà á tán. Lọ́dún 1975 náà, wọ́n ṣe kọ́míìkì kan fún ọjà Nàìjíríà, Powerman ni wọ́n pè é, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán méjì nílùú ọba, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni wọ́n ń yà á. Gibbons yìí náà ló wá ya Watchmen ní 1986, èyí tó wà lára kọ́míìkì tí wọ́n ń tọ́ka sí jù láyé. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ tó ń yàwòrán fáwọn ọmọ wa níbí náà ló yà á!

Ó yá, ìwé wo? Ẹ fi Iyanu: Child of Wonder bẹ̀rẹ̀. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló yà á, ilé iṣẹ́ Dark Horse l'Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2021. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni Ìyanu, agbára kan wà lára ẹ̀ tí òun alára ò mọ̀, àwọn ẹranko tí ègún ti bà jẹ́ sì ń dààmú ìlú. Ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́ ni wọ́n yà síbẹ̀, aṣọ wa, ilé wa, orúkọ wa, ọmọ yín á pàdé Bíyí àti Tóyè. Ní 2025 ó di fíìmù kátúùnù lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó ti rí i, tó bá ti rí i, ẹ wá ìwé ẹ̀ fún un kíákíá, kó má jẹ́ pé fíìmù nìkan ló máa mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Bone tí Jeff Smith kọ, tó sì yà fúnra ẹ̀ láti 1991 títí di 2004. Àwọn mọ̀lẹ́bí mẹ́ta tí wọ́n lé kúrò nílùú ni, wọ́n wá já sí àfonífojì kan tí dírágónì wà. Apá ìbẹ̀rẹ̀ máa pa á lẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á máa gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ láti ilé ìdáná, àmọ́ nígbà tó bá fi máa dé ìdajì, ogun ti dé, ó ti di ìtàn ńlá. Amulet tí Kazu Kibuishi ṣe náà dáa fún ọjọ́ orí ẹ̀, ìwé mẹ́sàn-án ni.

Tó bá jẹ́ ti àwọn ará Japan ló ń kà, manga tí wọ́n ń pè é, kó má yà yín lẹ́nu pé ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀ tó ń kà lọ sọ́wọ́ òsì, bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Naruto kò burú fún ọmọ 13. Ọmọ aláìlóbìí kan ni, wọ́n ti dè ẹ̀mí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ burúkú kan mọ́ inú ẹ̀ látìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, gbogbo ìlú wá ń yẹra fún un. Mo mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ lára débi tó fi sunkún. Ìwé 72 ló jẹ́ lápapọ̀. Mọ̀mí, ọmọ tó lè ka ìwé 72 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tẹ́ ẹ bá pè é lọ́lẹ, ẹ ti ṣì í pè. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo manga ló wà fún un o. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ ọjọ́ orí sẹ́yìn ìwé, ẹ wò ó, èyí tí wọ́n bá kọ 18 sí, ẹ má jẹ́ kó kà á.

Lálẹ́ òní, ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó sọ ìtàn tó ń kà lọ́wọ́ fún yín. Ẹ má bi í ní ìbéèrè bíi tíṣà. Ẹ kàn ní, "lẹ́yìn náà ńkọ́?" Kí bàbá ẹ̀ náà jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ìwé gidi" yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sí i létí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, SS 2 ni mo wà n'Ílésà. Mo ti ka Children of Blood and Bone lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní Great Ifẹ̀ ló mú un wá fún mi. Mi ò tíì rí ìwé míì tó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n kà tẹ̀ lé e? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ Fágúnwà o, Yorùbá ibẹ̀ ti le jù. — Àbúrò yín, Ilésà

Àbúrò mi, inú mi dùn sí lẹ́tà ẹ. Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kà á, Tomi Adeyemi, ọmọ Amẹ́ríkà tí òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló kọ ọ́, ó jáde ní 2018. Ọba kan ti pa gbogbo àwọn tó lágbára nílẹ̀ náà, ọmọbìnrin kan tí wọ́n pa ìyá ẹ̀ lójú ẹ̀, Zélie, wá gbéra láti dá agbára yẹn padà, ọmọbìnrin ọba yẹn gan-an sì bá a lọ. Ìlú bí Ìbàdàn àti Ìlọrin wà nínú ẹ̀, ọfọ̀ ibẹ̀, Yorùbá ni. Ó ní ìkejì ní 2019, ẹ̀kẹta ní 2024, bó o bá ṣe tẹ̀ lé e nìyẹn tí o kò bá tíì kà wọ́n.

Èyí tí mo rò pé ó máa mú ẹ jù lẹ́yìn ẹ̀ ni Raybearer, Jordan Ifueko ló kọ ọ́ ní 2020. Wọ́n tọ́ ọmọbìnrin kan, Tarisai, dàgbà nínú ilé àdádó kan, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, ìyá ẹ̀ ló ń wá wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pòùngbẹ ìyá yìí bí ẹni ń pòùngbẹ omi. Wọ́n wá rán an lọ sí olú ìlú kó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn mọ́kànlá tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrẹ̀mọ. Ìyá ẹ̀ sì ti fi àṣẹ kan dè é: tó bá ti fẹ́ràn ọmọ ọba yìí tán, kó pa á. Mo kà á ní ọjọ́ méjì, mi ò sun oorun kankan lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ju ti Adeyemi lọ díẹ̀ ni pé kì í sáré. Ti Adeyemi, ogun, eré sísá, ogun, ó dùn o, àmọ́ ìgbà míì o máa fẹ́ kí wọ́n jókòó kí wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ifueko máa ń jẹ́ kí wọ́n jókòó.

Ka Skin of the Sea ti Natasha Bowen náà, ti 2021. Simi, ọ̀kan lára àwọn Mami Wata tó ń ṣiṣẹ́ fún Yemọja, ló ń gba ẹ̀mí àwọn tó kú sínú òkun láti inú ọkọ̀ ẹrú, kó lè ṣàdúrà fún wọn kí wọ́n padà sọ́dọ̀ Olódùmarè. Lọ́jọ́ kan ó rí ọmọkùnrin kan tí kò tíì kú, ó gbà á là, òfin sì ti bà jẹ́. Mo ní láti gbé ìwé yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n lọ mu omi.

Nnedi Okorafor wá ńkọ́? Ìwé ẹ̀ tó ń jẹ́ Akata Witch jáde ní 2011, What Sunny Saw in the Flames ni wọ́n pè é níbí ní Nàìjíríà, nítorí náà tó o bá rí orúkọ méjèèjì, ìwé kan náà ni, má ra méjì. Sunny jẹ́ àfín, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Aba ló ń gbé, kò lè gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn, àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá bọ́ sáàárín àwọn tó lágbára. Nínú ayé wọn, tó o bá ti mọ nǹkan tuntun, owó máa já bọ́ láti òkè sí iwájú ẹ. Ìmọ̀ ló ń mówó wá níbẹ̀! Tó o bá ní àbúrò tó kéré sí ẹ, Children of the Quicksands ti Efua Traoré ni kó gbà, ọmọ Èkó kan tí wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ ní abúlé Yorùbá tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Ọ̀ṣun sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìwé àtijọ́ kan náà tí mo fẹ́ràn: A Wizard of Earthsea, Ursula Le Guin, 1968. Níbẹ̀, agbára gbogbo wà nínú kéèyàn mọ orúkọ tí nǹkan ń jẹ́ gan-an. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo pariwo, torí bí àwọn bàbá wa ṣe ń pọfọ̀ nìyẹn, wọ́n á ní àwọn mọ orúkọ ewé, àwọn mọ orúkọ ejò. Òyìnbó Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ o, akọni ìtàn ẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí àwọ̀ ẹ̀ pọ́n bíi ti wa, nígbà tí kò wọ́pọ̀ rárá.

O wá ní kí n má sọ Fágúnwà. Àbúrò mi, màá sọ ọ́, má bínú. Ní 1937 ni The Hobbit jáde ní ìlú ọba, ìwé tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún lórí fántásì, ìyẹn ìtàn idán àti iwin. Ní 1938, ọdún kan péré lẹ́yìn ẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ọwọ́ tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, tí kò jìnnà sí Ifẹ̀ níbí rárá. O fẹ́ràn ẹgbẹ́ akọni tí agbára oníkálukú yàtọ̀? Wò wọ́n: Kàkó tó ń fi kùmọ̀ jà, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ tí orin ẹ̀ kì í ṣe kékeré, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko, Ẹfọ́ìyẹ tafàtafà tí ìyẹ́ bo ara ẹ̀, Aramada-ọkùnrin tí òtútù ń mú nígbà tí ooru bá ń mú gbogbo èèyàn, àti Àkàrà-oògùn tó ń sọ ìtàn náà. Gbogbo wọn kọrí sí Òkè Lángbòdó. Nígbà tí mo rí àwọn akọni tí wọ́n ń kó jọ nínú fíìmù Amẹ́ríkà, èmi ti mọ Kàkó.

Yorùbá ibẹ̀ le lójú, mo gbà, torí pé ojú lo fi ń kà á. Ẹnu ni kó o fi kà á, kó o pariwo ẹ̀. Fágúnwà kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò ni, tó o bá dákẹ́ kà á, ó máa wúwo. Má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, lọ sí ibi tí ọba ti ránṣẹ́ pe àwọn ọdẹ, kó o bá wọn gbéra, o máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí o ò bá mọ̀, fo ó, ìyá àgbà tó wà nílé máa mọ̀ ọ́n. Tó bá ṣì le, Wọlé Ṣóyínká ti túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú ẹ̀, mú un dání lọ́wọ́ kejì. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tó o bá dé Lángbòdó.

Àǹtí, mo jẹ́ díákónì. Ọmọ mi obìnrin ń ka ìwé tó kún fún àjẹ́ àti òrìṣà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè fà á kúrò nínú ìgbàgbọ́. Ṣé kí n sun wọ́n? — Bàbá kan, Ìṣọ̀kùn, Ilésà

Bàbá wa, ẹ kú àbójútó ọmọ. Ẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ẹ má sun ìwé o, ẹ jọ̀ọ́.

C. S. Lewis tó kọ ìtàn kìnnìún àti àjẹ́ Narnia ní 1950, Kristẹni ni, ó tún kọ ìwé lórí ìgbàgbọ́. Tolkien tó kọ The Hobbit, Kátólíìkì ni títí tó fi kú. Fágúnwà tiwa tí iwin àti ẹbọra kún inú ìwé ẹ̀, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni, ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì CMS ni wọ́n ti tẹ ìwé ẹ̀ jáde. Tẹ́ ẹ bá ka ìparí ẹ̀, ẹ máa rí i pé nígbà tí àwọn ọdẹ dé Lángbòdó, ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni wọ́n rán wọn lọ, ọjọ́ méje ló fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ìwà, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ wà lára ẹ̀. Kò sí ìwàásù tí ẹ ṣe rí tó gùn tó yẹn!

Ohun tí ọmọ yín ń wá nínú àwọn ìwé yìí, bí mo ṣe rí i, ni bí ọmọ tí kò lágbára ṣe lè dúró níwájú ohun tó lágbára jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ Dáfídì àti Gòláyátì náà nìyẹn. Ẹ ka ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà kẹ́ ẹ tó dájọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí kò dáa, ẹ sọ ọ́ fún un ní pàtó, "ojú ìwé báyìí, ohun báyìí". Ó máa gbọ́ tiyín torí ó máa mọ̀ pé ẹ kà á. Màá sì sọ òótọ́ fún yín, ìpakúpa pọ̀ nínú ìwé Adeyemi yẹn, ọmọ ọdún 11 kò gbọ́dọ̀ dá kà á, tí ọmọ yín bá ti tó 15 kò sí wàhálà. Ẹ ò sọ ọjọ́ orí ẹ̀ fún mi.

Tíṣà ni mí. Àwọn ọmọ kan ò fẹ́ràn idán àti iwin rárá, ìtàn ayé gidi ni wọ́n fẹ́. Kí lẹ rí fún wọn? — Tíṣà Yorùbá, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀gá mi, ìbéèrè yín rọrùn. Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1990 lẹ kọ́kọ́ máa fún wọn. Yunifásítì wa níbí ni bàbá yẹn ti kọ́ àwọn èèyàn kó tó fẹ̀yìn tì, ó di olóògbé ní 2018. Ìgbésí ayé àwọn ọmọdé ní abúlé olóko kòkó lẹ́bàá Ìbàdàn ni, eré, ìjà, ebi, ìbẹ̀rù àgbà, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, Yorùbá ẹ̀ sì ń ṣàn. Àwọn ọmọ SS 3 lè bọ́ sórí Ó Le Kú, ti 1974, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní yunifásítì, ó sì dun èèyàn gan-an. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀daràn àti ọlọ́pàá, ẹ fún wọn ní Àjà Ló Lẹrù ti Ọládèjọ Òkédìjí, 1969. Lápàdé inú ẹ̀ kò kẹ̀rẹ̀ sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan tí wọ́n rí nínú fíìmù.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, Purple Hibiscus, 2003, ọmọ ọdún 15 tí bàbá ẹ̀ jẹ́ èèyàn ńlá ní ìta, tó sì le bí irin nínú ilé. The Girl with the Louding Voice ti Abi Daré, 2020: Àdùnní, ọdún 14, tí wọ́n fẹ́ fún ọkọ àgbàlagbà nígbà tó jẹ́ pé ilé ìwé ló ń sunkún sí. Àwọn ibì kan nínú ẹ̀ kò rọrùn, ẹ ti kọ́kọ́ kà á kẹ́ ẹ tó gbé e wọ kíláàsì, kẹ́ ẹ sì wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, torí wọ́n máa fẹ́ sọ̀rọ̀. Fún àwọn tó fẹ́ àwòrán, Aya, tí Marguerite Abouet kọ, Clément Oubrerie ló yà á, ó jáde ní 2005. Yopougon, àdúgbò kan ní Abidjan, ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀rẹ́bìnrin mẹ́ta, ọ̀kan fẹ́ di dókítà, àwọn méjì yòókù fẹ́ jó. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ebi. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnì kan ya Áfíríkà báyìí. Ọdún 16 sókè ni kẹ́ ẹ fún o.

Níbo la ti ń rí àwọn ìwé yìí láìná owó púpọ̀? — Òǹkàwé, Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yunifásítì tó ń parí ẹ̀kọ́ wọn, nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù kúrò ní hostel, ìwé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń ta ìwé àlòkù náà, ẹ fara balẹ̀ tú u dé ìsàlẹ̀. Kọ́míìkì àwọn ọmọ Nàìjíríà wà tẹ́ ẹ lè kà lórí fóònù, Comic Republic l'Ékòó ti ń gbé tiwọn síbẹ̀ láti 2013. Ohun tó ń bá èmi ṣiṣẹ́ jù ni pé àwa mẹ́fà ń dá ìwé jọ, ẹnì kan ra ọ̀kan, a ń gbà á kiri. Òfin wa kan ṣoṣo ni pé ẹni tó bá gba ìwé tí kò dá a padà, a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ bí àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, a ò ní dìde. Mo ti lóṣòó lẹ́ẹ̀kan, mo sì gba ìwé mi.

Ẹ má ra ayédèrú tí wọ́n ń ṣe ní fọ́tòkọ́pì o. Àwọn tó kọ ọ́ náà ń jẹun.

Àǹtí Ìwé, ọmọ àbúrò mi, ọdún 10, àìsàn kan mú kí etí ẹ̀ má gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó ń lo ẹ̀rọ àfigbọ́ràn, àwọn ọmọ ń wò ó, ó ti ń dá jókòó. Ó fẹ́ràn yíyàwòrán gan-an. Ǹjẹ́ ìwé kan wà? — Nọ́ọ̀sì kan, Ilésà

Ẹ̀gbọ́n, ìwé kan wà. Mo ka lẹ́tà yín fún ìyá mi, òun náà ní kí n fi ṣe èyí tó gbẹ̀yìn kí n lè fara balẹ̀.

El Deafo ló ń jẹ́, Cece Bell kọ ọ́, ó sì yà á, ó jáde ní 2014, ó gba Newbery Honor, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ìwé ọmọdé l'Amẹ́ríkà, ní 2015. Ìtàn ara ẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí àìsàn meningitis, tó ń ba awọ tó bo ọpọlọ jà, mú un, etí ẹ̀ lọ. Ehoro ló fi gbogbo èèyàn inú ìwé náà ṣe, ẹranko tí etí wọn gùn gbọọrọ, òun nìkan ni wáyà gùn sétí láàárín wọn. Ẹ wo ohun tó ṣe: tí bàtìrì ẹ̀rọ ẹ̀ bá ń lọ, lẹ́tà inú róbótó ọ̀rọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, á máa ṣá, títí róbótó náà á fi ṣófo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ràn, ẹ máa fojú yín rí ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn. Kò sí ìwé aláìláwòrán tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo ṣe ń jà fún ìwé aláwòrán látòkè wá nìyẹn.

Ó tún wà níbẹ̀ pé tíṣà ẹ̀ máa ń fi maikirofóònù kékeré sọ́rùn kí ọmọ náà lè gbọ́ ẹ̀kọ́, tíṣà á gbàgbé láti yọ ọ́, á jáde lọ, ọmọ náà á wá máa gbọ́ gbogbo ohun tí tíṣà ń ṣe níta, títí dé ilé ìyàgbẹ́. Ó wá sọ ara ẹ̀ di akọni alágbára. Àwọn ọmọ kíláàsì tó ń wò ó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbọ́ ibi tí tíṣà dé.

Ìwé Yorùbá kan wà, Kúyè, tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní 1964, ọmọ tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀ ni. Ìyà pọ̀ nínú ẹ̀, ìwé ìgbà yẹn ni, bí wọ́n ṣe ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà ló wà níbẹ̀. Ẹ má fún un dá kà báyìí. Tó bá dàgbà díẹ̀, ẹ jọ kà á.

El Deafo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ̀dà tèmi wà, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yìí, màá fi ránṣẹ́ sí yín lọ́nà Ilésà lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá kà á tán, kó ya ara ẹ̀, irú ẹranko tó bá wù ú, pẹ̀lú ẹ̀rọ etí ẹ̀, kí ó sì kọ ohun tó ń gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́ sínú róbótó. Mo ti bá olóòtú sọ̀rọ̀, odindi ojú ìwé kan ṣófo dè é.